Ààlà Tí Mo Tún Rìn

Bàbá mi,

Mi ò kọ "ọ̀wọ́n" sí i lónìí. Kì í ṣe pé ẹ ò ṣọ̀wọ́n lójú mi. Ohun tí mo ṣe sí yín láàárọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí ọwọ́ mi lè kọ ọ́, ó sì dáa kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí n tó máa fi orúkọ dídùn tàn yín.

Inú yàrá mi ní Arákálẹ̀, ní Àkúrẹ́, ni mo wà, yàrá tí ẹ wá wò lẹ́ẹ̀kan péré tí ẹ sì ní ibi tí àwọn adìẹ yín ń sùn fẹ̀ jù ú lọ. Oǹdó ni mo ti dé ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ẹrẹ̀ oko yín ṣì wà lára bàtà mi. Mo bá oníkẹ̀kẹ́ jà lórí ẹrẹ̀ náà, mo bú u débi tó fi sọ̀ mí kalẹ̀ láàárín ọ̀nà, mo sì fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ẹ mọ̀ mí. Bí inú bá ń bí mi sí ara mi, ẹlòmíì ló máa ń jẹ ìyà ẹ̀. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ilé ná. Ara màmá ti ń le. Wọ́n ti ń jẹun, wọ́n sì ti padà sí ìjókòó wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kòkó so lọ́dún yìí bí èyí tí kò gbọ́ pé ẹni tó ni ín ti kú. Màmá àti àwọn alágbàṣe méjì ká a, wọ́n pa á, wọ́n sá a gbẹ, wọ́n sì kó o wá sí ilé Oǹdó. Pálọ̀ kún dẹ́nu. Àpò kan wà lórí àga yín pàápàá. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀, torí kò sí àyè mọ́. Títí di òwúrọ̀ yìí, kò sí ọ̀kan nínú àwọn àpò wọ̀nyẹn tó ṣeé tà. Ẹ mọ ìdí ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀, èmi ni mo ràn yín lọ́wọ́.

Mi ò gbà pé ẹ ti gbàgbé, àmọ́ màá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má baà dà bíi pé mò ń fo ibi tó kan mi. Ẹ rántí pé iṣẹ́ mi ni kí n máa rin ààlà oko olóko. Ilé-iṣẹ́ tó gbà mí ní Àkúrẹ́ ń ra kòkó, wọ́n ń kó o lọ sókè òkun. Àwọn ìjọba ọ̀hún wá ṣòfin pé kòkó kankan ò gbọdọ̀ wọ ìlú àwọn mọ́, àfi tí àwọn bá mọ ilẹ̀ tó ti hù, kó sì dá àwọn lójú pé kì í ṣe inú igbó tí ìjọba dá sí. Ni wọ́n bá fún wa ní fóònù ńlá tó ń bá ẹ̀rọ ojú sánmà sọ̀rọ̀. A ó bá olóko rìn yí oko ká, a ó máa tẹ̀ ẹ́ ní igun kọ̀ọ̀kan, àwòrán oko á sì jáde. Bí oko bá mọ́, á di àwọ̀ ewé. Bí ó bá kan igbó ìjọba níbì kan, bó ti wù kó kéré mọ, á di pupa. Kì í ṣe ibi tó kàn nìkan o. Gbogbo oko ni. Oko tó bá sì ti pupa, àwọn tó ń kó ẹrù lọ sókè òkun ò ní fọwọ́ kan kòkó ẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé òfin yìí fún yín, ẹ bi mí léèrè ta ló dìbò yan àwọn tó ṣe é. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti lọ yunifásítì ní Àkúrẹ́, mo ti di ọ̀mọ̀wé, mo wá ń fi bàbá mi rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ ni mo ti ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn, mi ò tíì rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í fi ìdìbò ṣeré! Inú Bíbélì ni káàdì ìdìbò yín ń gbé, láàárín ìwé Òwe. Lọ́jọ́ ìdìbò, bùbá tí wọ́n lọ̀ lẹ máa ń wọ̀, ẹ ó sì ti jókòó síbẹ̀ kí àwọn elétò ìdìbò fúnra wọn tó dé. Bí wọ́n bá ti fi tàdáwà kùn yín lọ́wọ́, ẹ ò ní fẹ́ kó parẹ́, ṣíbí lẹ fi ń jẹ iyán lọ́jọ́ náà. Ọmọ Oǹdó, iyán, ṣíbí! Ṣe ni màmá máa ń ti ilẹ̀kùn kí ará ilé kejì má baà rí i. Ẹ dìbò fún káńsẹ́lọ̀, ẹ dìbò fún gómìnà, ẹ dìbò fún ààrẹ, ẹ sì bú gbogbo wọn bákan náà, ẹ ní ẹni téèyàn bá dìbò fún ló ní ẹ̀tọ́ láti bú. Àwọn tó pa oko yín wá ńkọ́? Wọn ò tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín rí. Wọn ò pín ìrẹsì dé àdúgbò wa. Ẹ̀yìn rédíò lẹ máa ń jókòó sí tí ẹ ń bú wọn, ta ló ń gbọ́? Wọ́n ní ayé ti lujára, pé ó ti di abúlé kan ṣoṣo. Ó dáa. Ta ni baálẹ̀ abúlé náà, ta ló sì fi í jẹ?

Òyìnbó ló kó kòkó dé ilẹ̀ yìí. Òyìnbó kan náà ló fa ìlà sórí ìwé kí wọ́n tó bí yín, tó ní apá ibí ni ti bàbá yín, apá ọ̀hún ni ti igbó ìjọba. Àwọn ọmọ ọmọ wọn gé igbó tiwọn tán, wọ́n wá ń bá wa ṣọ́ tiwa. Èmi ni wọ́n wá gbé ìlà náà lé lọ́wọ́, mo sì ń gba owó oṣù lórí ẹ̀.

Oko yín parí létí odò, bàbá mi. Ẹ̀yin lẹ fi hàn mí. Mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà tí ẹ fà mí lọ́wọ́ láti ìdí pèrègún kan dé ìdí òmíràn, tí ẹ ní ẹni tí kò bá mọ ààlà bàbá rẹ̀ yóò kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Pèrègún tó gbẹ̀yìn wà létí omi ní apá ibí. Òdìkejì, igbó ìjọba ni. Igi obì tí ẹ máa ń he èso rẹ̀ wà níbẹ̀, ibẹ̀ lẹ ń dẹ pańpẹ́ sí, ibẹ̀ lẹ ti ń ṣa ìgbín. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbin kòkó kan síbẹ̀ rí, ẹ sì mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn ni kò tán nínú yín. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà tó ti Àkúrẹ́ wá, tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ dé, ẹ̀yin fi ibi tó jẹ́ tiyín hàn wọ́n, gẹ́lẹ́ bó ṣe rí. Pa Akíntádé tí oko wọn bá tiyín pààlà fi tiwọn hàn, wọ́n fi ti àbúrò wọn kún un, wọ́n sì fi díẹ̀ lára ti ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ènì. Bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ni owó gbà-máà-bínú tí ìjọba san ṣe pọ̀ tó. Wọ́n kọ́lé. Ẹ̀yin ra rédíò. Láti ọjọ́ náà lẹ ti búra pé bí ẹnikẹ́ni bá tún fẹ́ wọn ilẹ̀ yín, ẹ ó mú un rìn títí ẹsẹ̀ á fi máa ro ó. Kò sì sí àgbẹ̀ kan ní abà wa tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló ń fi ilẹ̀ kékeré han àlejò? Mo sọ fún yín pé èyí yàtọ̀, pé kò sí owó gbà-máà-bínú nínú ẹ̀. Ẹ ní mo ṣì kéré.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ wíwọ̀n pé. Èmi ni mo gbé fóònù. Ọ̀gá mi wà níbẹ̀, ọmọkùnrin ará Àkúrẹ́ tí mo fi ọdún mẹ́ta jù lọ, àti Pa Akíntádé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. A dé ìdí pèrègún tó gbẹ̀yìn, ẹ ò dúró. Ẹ ká ṣòkòtò yín sókè, ẹ bọ́ sínú omi, ẹ ń tọ́ka sí igi obì lọ́hùn-ún bí ẹni tó ń fi ilé tuntun han èèyàn. Inú yín dùn. Ó pẹ́ tí mo ti rí yín kí ẹ máa yára rìn bẹ́ẹ̀. Mo wo fóònù, mo rí i tí a kọjá ìlà. Ọ̀gá mi ń lé kòkòrò lára, kò wo nǹkan kan. Pa Akíntádé wò mí, wọ́n sì gbé ojú kúrò. Mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò sọ̀rọ̀.

Gbogbo ẹni tó ti bi mí ni mo ń sọ fún pé ọ̀wọ̀ ni. Mo ní ọmọ tí wọ́n kọ́ kó gbà kì í pe bàbá rẹ̀ ní onírọ́ lójú àlejò. Wọ́n sì máa ń yìn mí. Irọ́ ni mo ń pa fún wọn, bàbá mi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí a tó kúrò ní abà, ẹ sọ fún ọ̀gá mi níṣojú gbogbo èèyàn pé gbogbo kòkó tí ẹ tà láti fi rán mi ní yunifásítì, ohun tí mo kọ́ bọ̀ kò ju kí n máa gbé fóònù rìn nínú igbó bí ẹni tó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín, ẹ ò ní i lọ́kàn, mo mọ̀ báyìí pé ẹ̀fẹ̀ ni. Lọ́jọ́ yẹn, ó wọ̀ mí dé eegun. Nígbà tí ẹ bọ́ sínú odò, mo ní nínú ọkàn mi pé kí ẹ máa lọ. Kí oko yín pupa ná, kí ẹ wá mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni mò ń ṣe tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń wá. Mo ti pinnu pé màá tún un ṣe tí ẹ bá ti bẹ̀ mí.

Ẹ ò bẹ̀ mí. Kí n tó ṣẹ́jú, ilé-iṣẹ́ ti fi gbogbo àwòrán ránṣẹ́ sókè òkun, wọ́n ti tì í, wọ́n ní kò sí àtúnṣe mọ́ àfi lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ ti tẹ àtàǹpàkò yín mọ́ fọ́ọ̀mù, èmi ni mo di ìwé náà mú kó má baà yẹ̀. Màmá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ṣíbí lẹ fi jẹ iyán yín lọ́jọ́ náà.

Ṣé kí n rán yín létí ọjọ́ tí ẹ gbé kòkó lọ sí sító tí wọ́n ti ń rà á ní Oǹdó? Mi ò sí níbẹ̀, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni mẹ́ta. Wọ́n ti gbé àpò àkọ́kọ́ sórí òṣùwọ̀n kí wọ́n tó yẹ káàdì oko yín wò, èyí tí àwòrán ààlà wà lára ẹ̀. Ó pupa. Wọ́n ní kí ẹ sọ ẹrù yín kalẹ̀ kí ẹni tó kàn lè gbé tiẹ̀ sí i, ẹni tó sì kàn ni Pa Akíntádé. Wọ́n ní ẹ fọwọ́ ara yín gbé e kalẹ̀, ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn yín lọ́wọ́. Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún un sá, ó tún rin, ó bu, ẹ sì tà á fún àwọn tí wọ́n ń ra kòkó bíbu lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn tí kì í wojú ẹni tí wọ́n bá ń sanwó. Ẹ ò bá mi sọ ọ́. Mo wálé lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà, ẹ bi mí bóyá mò ń jẹun ní Àkúrẹ́, ẹ bi mí bóyá mo ti rí ọkọ. Ẹ ò bi mí bóyá mo rí ìlà náà lọ́jọ́ yẹn.

Ṣé ẹ mọ̀ ni? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́ fún mi, tàbí ẹ kú láìmọ̀? Mi ò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà pe ohun tó pa yín. Ẹ̀gbẹ́ àtẹ kòkó lẹ ṣubú sí, òfìfo àtẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ fún màmá ṣáájú pé abẹ́ igi obì ní òdìkejì odò ni kí a sin yín sí, ẹ sì ti mú kí wọ́n búra. Alágídí èèyàn! Ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Níbi tí bàbá ẹni bá sùn sí, ta ló tún lè jáde sọ pé kì í ṣe ilẹ̀ ẹni? Ẹ rí i pé pèrègún ò dá àwọn tó ń wọn ilẹ̀ dúró, ẹ wá fi ara yín ṣe pèrègún. A gé igi díẹ̀ kí pósí lè kọjá, a gbé yín la omi kọjá, omi dé orúnkún. Ó dùn mí pé mo fẹ́ràn yín jù lọ lọ́jọ́ náà.

Ó wá di ọdún yìí. Ilé-iṣẹ́ ní ajogún lè tún ààlà rìn, bí opó bá tẹ̀ka, tí ẹni tí wọ́n jọ pààlà sì jẹ́rìí. Ọ̀sẹ̀ yìí ni àyè náà máa parí. Bí a ò bá rìn ín, kòkó pálọ̀ á lọ sọ́nà ibi tí tọdún tó kọjá lọ, màmá ò sì ní nǹkan mìíràn tí wọ́n ń jẹ lẹ́yìn kòkó. Ẹ ò fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ fún wọn àyàfi rédíò.

Nítorí náà la ṣe lọ láàárọ̀ yìí, àwa kan náà: èmi, ọ̀gá mi, Pa Akíntádé, màmá sì wà ní àyè yín. Màmá gbé ọkọ́ dání. Wọ́n fẹ́ lọ ro ibojì yín bí a bá parí. A rìn láti pèrègún dé pèrègún. Nígbà tí a dé ìdí èyí tó gbẹ̀yìn, mo dúró. Mo tẹ̀ ẹ́, mo sì yà sọ́wọ́ ọ̀tún, mo bá etí omi lọ. Láti ibẹ̀, a ń rí yín kedere, òkìtì yín àti àgbélébùú funfun tí káfíńtà ṣe, bí igba ẹsẹ̀ sí wa. Mo fi yín síta.

Pa Akíntádé ò fọwọ́ sí i. Wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní tipẹ́tipẹ́ lẹ ti ń pe àwọn ní olè ilẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀nà, níṣojú gbogbo abà, pé kí n fẹnu ara mi sọ ẹni tó ni òdìkejì odò kí àwọn tó tẹ̀ka. Màmá ń gbọ́. Mo ní kì í ṣe ti bàbá mi. Wọ́n ní etí àwọn ò gbọ́ dáadáa mọ́. Mo wá pariwo ẹ̀, mo kọjú sí yín nítorí ibẹ̀ ni mo dúró kọjú sí: kò fìgbà kan jẹ́ ti bàbá mi rí, bàbá mi parọ́. Màmá yí sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já àwọn kòkó gbígbẹ lára igi tí kò kan ẹnikẹ́ni. Pa Akíntádé tẹ̀ka. Omi ń bọ́ lójú wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ irú omi tó jẹ́, mi ò sì bi wọ́n.

Oko yín di àwọ̀ ewé. Ó rẹwà, kí n má parọ́.

Ọ̀gá mi wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi àwòrán ojú sánmà hàn mí. Àmì kékeré kan wà ní òdìkejì odò, ó funfun bí ibi tí irun ti já lórí èèyàn. Ibi tí a gé nígbà tí a ń sin yín ni. Ó ní bí ibẹ̀ bá wà ní ṣíṣí, tàbí tó bá tún fẹ̀ sí i, ẹ̀rọ á gbà pé oko wa ló ń wọ igbó lọ, gbogbo rẹ̀ á sì tún pupa. Ó ní kí a jẹ́ kó dí. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Bí mo ṣe yí padà, màmá ti wà nínú omi, wọ́n ti ká ìró wọn, ọkọ́ wà léjìká wọn.

Mo sáré bá wọn. Mo gba ọkọ́ náà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò fẹ́ fi sílẹ̀, a fà á díẹ̀ nínú omi níbẹ̀, èmi àti ìyá mi, lójú àlejò. Mo lágbára jù wọ́n lọ. Wọn ò sọ pé kí n rọra máa lọ nígbà tí mo ń wọ ọkọ̀ bọ̀ wá sí Àkúrẹ́.

Lọ́la ni ọkọ̀ máa wá kó kòkó. Mo ti ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé àpò orí àga yín. Ẹ má bínú sí màmá pé ibojì yín ò ní mọ́ mọ́. Èmi ni mo gba ọkọ́. Òfin tó lé yín kúrò nínú oko ló ń dáàbò bò yín báyìí, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gé ewé kan lórí yín. Ẹ jẹ́ kí igbó tètè bò yín, bàbá mi ọ̀wọ́n. Bí wọ́n bá ṣì ń rí yín láti òkè, kòkó màmá ò ní tà.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì mọ ibi tí ààlà yín wà.